Ẹ̀gúsí Àárín Ọkà

Ohun tó ń da Àwẹ̀ró láàmú lọ́dún tí à ń sọ yìí kì í ṣe ebi, kì í sì í ṣe àìsàn. Ewé ni. Ewé ló fẹ́ gba ilẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Oyèdìran ọkọ rẹ̀ ló fi oko ọkà sílẹ̀ fún òun àti àwọn ọmọ nígbà tó kú, lórí ilẹ̀ ẹbí tó wà lẹ́yìn odò ní Òkè-Ayínré. Ilẹ̀ náà lọ́ràá, kò sì ní òkúta. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọkùnrin náà ti lọ, imí eṣú àti tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún kò jẹ́ kí ọkà mí. Bí Àwẹ̀ró bá ro apá kan, kó tó ro dé apá kejì, ibi tó ti kọ́kọ́ ro á ti tún kún. Ẹ̀yìn ń dùn ún, ọwọ́ rẹ̀ bó, síbẹ̀ ọkà rẹ̀ kò dàgbà. Nígbà tí Mọ́gàjí agbo ilé wọn wá wo oko náà, ó mi orí títí. Ó ní ẹbí kò lè fi ilẹ̀ baba wọn jìn fún igbó. Ó pín oko náà sí méjì, ó fún Àwẹ̀ró ní apá kan, ó fún Láníhùn, àbúrò Oyèdìran, ní apá kejì. Ó ní ẹni tí ọkà rẹ̀ bá dára nígbà ìkórè ni gbogbo rẹ̀ yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwẹ̀ró dúpẹ́ lọ́wọ́ Mọ́gàjí bó ti yẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tó délé, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, omijé sì dà lójú rẹ̀. Bí ilẹ̀ yìí bá lọ, ibo ni àwọn ọmọ rẹ̀ yóò nàka sí pé baba àwọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí? Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé ọkàn.

Ẹ má rò pé Láníhùn jẹ́ ènìyàn burúkú o. Ara rẹ̀ yá mọ́ni, ó lẹ́nu bí ìrèké, ó dúdú, ó sì ń dán. Ìdí nìyẹn tí Àwẹ̀ró, ìyàwó ilé tí kì í dárúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ, fi ń pè é ní Adúmáadán. Ìwà kan ṣoṣo ló kù díẹ̀ káàtó lára rẹ̀: kò sí ohun tí wọ́n sọ fún un rí tí kì í sọ pé òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Oògùn koríko kan ti dé ọjà wọn lọ́dún náà. Àwọn tó ń tà á ní bí wọ́n bá fín in sínú oko, yóò pa àwọn koríko eléwé gbòòrò, yóò sì fi ọkà sílẹ̀. Láníhùn ra tirẹ̀, Àwẹ̀ró náà ra tirẹ̀. Ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ ń já láti ṣí i. Ó tì í mọ́ inú àpótí níbi tí ọwọ́ àwọn ọmọ kò lè dé, kò jẹ́ kó sún mọ́ ilé ìdáná. Nínú agbo ilé wọn, ẹni tó bá fẹ́ mú ohun tuntun wọ inú oko gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi Òrìṣà Oko. Bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà sì ti jẹ́ ti àwọn méjèèjì, wọ́n jọ lọ ni.

Ìyá Ẹfúnyẹlá ni àwòrò Òrìṣà Oko nígbà náà. Arúgbó ni, ṣùgbọ́n ó ṣì ń dáko, ọkọ́ ti sọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ di líle. Ó gbọ́ ẹjọ́ wọn tán, ó kó owó ẹyọ rẹ̀ sọ́wọ́, ó súre, ó sì dà wọ́n sórí atẹ. Odù Òdí ló jáde. Ìyá tẹjú mọ́ ọn, ó wá bi wọ́n pé:

"Kí ni ẹ gbìn sínú oko náà?"

"Ọkà bàbà àti àgbàdo ni, Ìyá," ni Àwẹ̀ró dáhùn.

"Kí ló wà láàárín wọn?"

"Ẹ̀gúsí ni."

Ta ló tún ń bi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ní Òkè-Ayínré? Kò sẹ́ni tó ń gbin ọkà níbẹ̀ tí kì í sọ ẹ̀gúsí sí àárín rẹ̀. Gbogbo ilé ló ni ọkà, ṣùgbọ́n obìnrin ló ni ẹ̀gúsí, òun ló ń tà á, òun ló ń ná an. Ti Àwẹ̀ró tún yàtọ̀. Ìyá tó bí i ló so irúgbìn rẹ̀ mọ́ ọn létí ìró lọ́jọ́ tó ń lọ sílé ọkọ, kò sì sí ọdún tí kò gbìn ín láti ọjọ́ náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ ṣe ìbéèrè yìí, ẹ̀gúsí náà ti hù, ó ti ń fà kiri.

"Òrìṣà ní ẹbọ ni kí ẹ rú," ni Ìyá Ẹfúnyẹlá wí. "Ẹ̀gúsí náà ni ẹbọ. Ẹ fà á tu kúrò nínú ọkà kí ẹ tó ṣí oògùn yẹn. Bí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ̀gúsí lọ́dún yìí, ẹ gbìn ín síbòmíràn tó jìnnà síbẹ̀."

Láníhùn bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá, oògùn koríko ni wọ́n pè é. Ẹ̀gúsí kì í ṣe koríko. Kí ló kan oògùn koríko kan ọbẹ̀ àwa?"

"Láníhùn, oògùn yìí kò mọ orúkọ," ni Ìyá fèsì. "Kò mọ èyí tí o gbìn, kò sì mọ èyí tó lalẹ̀ hù fúnra rẹ̀. Ewé nìkan ló mọ̀. Ewé tó bá gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti ọkà, yóò fi í sílẹ̀. Ewé tó bá fẹ̀, ó di tirẹ̀. Lọ wo ewé ẹ̀gúsí rẹ dáadáa."

"Mo lè mú àgbò wá dípò rẹ̀," ni Láníhùn wí. Kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré rárá.

"Òrìṣà kò béèrè àgbò lọ́wọ́ rẹ. Mú un padà fún ìyá rẹ̀."

Lẹ́yìn náà ni Ìyá wá ka ìyókù ẹbọ fún wọn, ohùn rẹ̀ kò sì yí padà. Ó ní aṣọ tó bo ara láti ọrùn dé ọrùn ẹsẹ̀ wà nínú rẹ̀, àti bàtà òjò, àti ìbọ̀wọ́ rọ́bà, àti ohun tí wọn yóò fi bo imú. Iṣẹ́ yìí nìkan ni wọn yóò máa fi wọ́n ṣe, wọn yóò sì máa fọ aṣọ náà lọ́tọ̀, kò gbọdọ̀ bá aṣọ ọmọ pàdé nínú ọpọ́n. Ọṣẹ wà níbẹ̀, kí wọ́n wẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan oúnjẹ. Ó ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ìgò ni ìwọ̀n, kí ẹni tí kò bá mọ̀wé wá ẹni tí yóò kà á fún un.

"Sùúrù náà wà nínú ẹbọ yìí, òun ló sì wọ́n jù," ni Ìyá fi kún un. "Ẹ fín in nígbà tí ọkà kò tíì dé orúnkún, tí koríko ṣì kéré. Ẹ dúró de òwúrọ̀ tí ìrì ti gbẹ, tí ewé igi kò mì, tí òjò kò sì ṣú. Ẹ má gbé e dé etí odò. Bí ẹ bá parí, ẹ fi omi ṣan pọ́ńpù tí ẹ fi fín in dáadáa, kí ẹ da omi náà sínú oko tí ẹ fín. Ẹ dá ìgò náà lu, kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ níbi tó jìnnà sómi. Kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé yín wálé."

Lójú ọ̀nà, Láníhùn ń rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, ṣé o gbọ́ ẹbọ? Wọ́n ní ká fi bàtà òjò bọ òrìṣà!"

"Mo gbọ́, Adúmáadán," ni Àwẹ̀ró wí. "Èmi á rú u."

Ó rú u lóòótọ́. Ní àfẹ̀mọ́jú ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárín ọkà, ó ń fa ẹ̀gúsí tu ní ìdí kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan ti ń tanná. Ó ń bẹ ìyá rẹ̀ bó ti ń fà á, ó ní kí ìyá má bínú, pé kì í ṣe pé òun kò mọ iyì ẹ̀bùn. Ìyókù irúgbìn tó wà nínú akèrègbè, ó gbìn ín sẹ́yìn ilé, odò sì wà láàárín ibẹ̀ àti oko.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ló wá kù. Àwẹ̀ró kò ní ohun tó bo ara tó bẹ́ẹ̀. Ó ṣí àpótí Oyèdìran, èyí tí kò tíì lè ṣí láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín, ó mú ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀ jáde àti ẹ̀wù rẹ̀ alápá gígùn. Ṣòkòtò náà gùn, ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú bàtà òjò. Ó dúró nínú aṣọ ọkọ rẹ̀, ó rántí rẹ̀, inú rẹ̀ bàjẹ́, ó sì tún dùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó gbé pọ́ńpù dé oko, afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Ó padà sílé. Nígbà tó tún lọ, òjò ṣú. Ó tún padà. Láníhùn pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ káàárọ̀, bùọ̀dá mi! Mo rò pé ìyàwó wa ni, àṣé ọkùnrin ilé wa kan ni."

Àwẹ̀ró náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ dìde, Adúmáadán, kí ẹ̀rùpẹ̀ má ba dídán yín jẹ́. Ẹ̀yin ńkọ́, ìgbà wo lẹ máa fín tiyín?"

"Kí ni mo fẹ́ fi oògùn olówó gọbọi pa ọmọ koríko ṣe? Jẹ́ kó dàgbà, kó lè mọ ìyà tó ń jẹ ẹ́."

Òwúrọ̀ tó dákẹ́ dé nígbẹ̀yìn. Àwẹ̀ró po oògùn ní ìwọ̀n tí wọ́n kà fún un, ó sì fín oko rẹ̀ láìkánjú. Ó fi etí odò sílẹ̀, ó ní ọkọ́ ni òun yóò fi bá ibẹ̀ jà. Ó dáhò sí ìgò, ó sì rì í mọ́lẹ̀. Láníhùn béèrè ìgò náà láti fi rọ epo pupa, ó ní ìgò tó lágbára báyẹn kò yẹ ní sísọnù. Àwẹ̀ró ní ó ti wọlẹ̀. Láníhùn pòṣé.

Kò pẹ́ tí imí eṣú fi lọ́, tí tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún sì dorí kodò. Ọkà Àwẹ̀ró na ọrùn sókè, ó mí. Obìnrin náà mí pẹ̀lú.

Láníhùn dúró títí koríko rẹ̀ fi ga dé àyà, tí ọkà rẹ̀ ti ń múra àtiyọ orí. Ọ̀sán gangan ló lọ, afẹ́fẹ́ ń fẹ́, síńgílẹ́ẹ̀tì ló wọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán. Ó fi oògùn lé oògùn kó lè múná. Ẹ̀gúsí tí ìyàwó rẹ̀ gbìn ló kọ́kọ́ ká jọ, ewé rẹ̀ wé pọ̀, ó sì kú. Afẹ́fẹ́ gbé oògùn náà lọ bá ẹ̀wà tí Láníhùn gbìn sẹ́bàá oko, ó sì ba òun náà jẹ́. Pòròpórò ọkà tẹ̀, ọ̀pọ̀ ṣẹ́ nígbà tí ìjì dé. Koríko tó ti gbó yẹn wólẹ̀ díẹ̀, ó tún gbérí. Ara Láníhùn yún un, ojú rẹ̀ pọ́n, títí wọ́n fi tọ́jú rẹ̀ nílé ìwòsàn tí ara rẹ̀ yá. Ìyàwó rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ nítorí ẹ̀gúsí, ìyẹn sì dùn ún ju ara yíyún lọ.

Nígbà ìkórè, Mọ́gàjí rìn láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, kò sì pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní gbogbo ilẹ̀ náà wà lọ́wọ́ Àwẹ̀ró àti àwọn ọmọ Oyèdìran. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Ó wá bẹ Mọ́gàjí pé kí Láníhùn máa ro apá kejì lọ, bó bá ti lè rú ẹbọ tirẹ̀. Mọ́gàjí gbà. Láníhùn wo ilẹ̀, kò sọ pé òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí òjò ọdún kejì dé, tí ọkà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn Àwẹ̀ró láàárọ̀. Láníhùn ni. Ó kí i, ó béèrè àwọn ọmọ, ó yí fìlà rẹ̀ síwájú, ó yí i sẹ́yìn.

"Ìyàwó wa," ló wí nígbẹ̀yìn, "ṣé ṣòkòtò bùọ̀dá mi ṣì wà níbẹ̀?"

"Ó wà lórí okùn lẹ́yìn ilé, Adúmáadán. Mo ti fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀." Àwẹ̀ró nawọ́ mú akèrègbè, ó bu irúgbìn ẹ̀gúsí ìyá rẹ̀ lé e lọ́wọ́. "Èyí jẹ́ ti ìyàwó yín. Ẹ sọ fún un pé ẹ̀yìn ilé ni kó gbìn ín sí."

Báyìí ni wọ́n ṣe rú ẹbọ náà ní Òkè-Ayínré. Ẹni tó gbọ́ tó sì rú u jẹ ọkà, ó tún jẹ ẹ̀gúsí, ilẹ̀ kò sì bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹni tó fi ẹbọ rẹ́rìn-ín kábàámọ̀ fún odidi ọdún kan, kó tó wá wọ ṣòkòtò tí òun fúnra rẹ̀ ti dọ̀bálẹ̀ kí rí.