Ẹ̀wà Tí Òkété Gbìn Sínú Ihò

Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ o!

"Àlọ̀!"

Àlọ́ mi yọ́ wọ inú ilẹ̀, ó bá Òkété lẹ́nu iṣẹ́. Nítorí Ọ̀bọ olè, inú ihò ló gbin ẹ̀wà sí. Lọ́jọ́ kẹta, ó hù. Lọ́jọ́ kẹfà, ó ga kan òrùlé ihò. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Òkété fa ọ̀kan síta wò. Yéè! Ó funfun bí ìdin!

"Ta ló jí àwọ̀ ewé mi o?"

Ẹ gbè é!

"Ọ̀bọ ni!"

Irọ́ o! Ìyàwó Òkété dá òrùlé náà lu, oòrùn wọlé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo ewé ti ní àwọ̀, ó tutù yọ̀yọ̀.

"Baálé mi, inú irúgbìn ni àwọ̀ náà wà. Oòrùn ló ń retí."

Háà! Òkété lanu, kò lè pa á dé. Ó gbójú sókè, Ọ̀bọ ti jókòó sẹ́nu ihò tuntun náà. Ó ní, "Ẹ kú oko o!"

Ẹ̀yin ọmọ, ṣé kí Òkété dí ihò náà?

Àbí kó ṣí i sílẹ̀ fún oòrùn àti Ọ̀bọ?