Ìdí Tí Etí Ẹṣin Fi Ń Yí Sẹ́yìn

Nígbà láéláé, nígbà tí ènìyàn àti ẹranko ṣì jọ ń sọ èdè kan náà, etí ẹṣin kì í yí. Iwájú ló dojú kọ, gbọin-gbọin, bí ẹni pé wọ́n fi ìṣó kàn án mọ́bẹ̀. Kò sí ohun tó wà níwájú tí ẹṣin kì í gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ayé bá ń parí lẹ́yìn rẹ̀, ẹṣin ò ní mọ̀.

Ìlú kan wà láàárín ọ̀dàn nígbà náà, Ọ̀dàndé ni wọ́n ń pè é. Àwọn ará Ọ̀dàndé fẹ́ràn ẹṣin ju iyán lọ. Wọ́n máa ń fọ́nnu pé kò sí ẹni tó mọ ẹṣin gùn tó àwọn. Irọ́ ni! Ojúmọ́ kan kì í mọ́ kí ẹṣin máà da èèyàn méjì mẹ́ta sínú ẹ̀gún. Bí o bá rí ẹni tí kò tiro ní Ọ̀dàndé, mọ̀ pé kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ẹṣin gígùn ni.

Àṣà kan ló fà á. Wọ́n gbà pé ẹni tó bá wà lórí ẹṣin kò gbọdọ̀ la ẹnu. Wọ́n á ní, “Ta ló ń bá àpótí tó jókòó lé sọ̀rọ̀?” Nítorí náà, pàṣán àti kẹ́sẹ́, irin ṣóńṣó tí wọ́n ń so mọ́ gìgísẹ̀, ni wọ́n fi ń sọ ohun tí wọ́n bá fẹ́ fún ẹṣin. Ẹ̀yìn ni wọ́n sì ti máa ń yọ́ wá gùn ún, kí ó má baà rí wọn kó yẹra.

Ọmọbìnrin kan wà ní ìlú náà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Bàbá rẹ̀ ló ń pa koríko fún àwọn ẹṣin ìlú. Àwẹ̀ró yìí, ìbéèrè kì í tán lẹ́nu rẹ̀. “Kí ló dé tí ẹṣin fi ń sùn lórí ìdúró? Kí ló dé tí imú rẹ̀ fi rọ̀ tó báyìí? Kí ló máa ń rò tó bá ń wo ọ̀nà jíjìn?” Bó bá sú ìyá rẹ̀, á ní, “Lọ bi ẹṣin!” Àwẹ̀ró á sì lọ bi ẹṣin lóòótọ́.

Ẹṣin tó fẹ́ràn jù ni Ìjì, akọ ẹṣin pupa kan tí ẹkùn pa ìyá rẹ̀ jẹ nígbà tó wà lọ́mọ. Àwẹ̀ró ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún un ní ọkà bàbà títí ó fi dàgbà. Ìjì kì í gé e jẹ, kì í ta á nípàá. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè gùn ún.

Ní ọjọ́ ọjà kan, Bàbá Ládẹ̀pò, ọ̀gá àwọn tó ń kọ́ni ní ẹṣin gígùn, ní òun fúnra òun ni yóò tẹ orí Ìjì ba. Ó yọ́ wá láti ẹ̀yìn, ó fò gùn ún, ó pa ẹnu mọ́ bí àṣà, ó sì fi kẹ́sẹ́ gún un. Kí a tó ṣẹ́jú, Bàbá Ládẹ̀pò ti wà nílẹ̀, apá rẹ̀ ọ̀tún sì ti kán.

Òfin Ọ̀dàndé kò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Ẹṣin tó bá da ọ̀gá, wọ́n á lé e kọjá odò, sínú igbó tí kìnnìún pọ̀ sí. Ẹṣin tó bá lọ kì í padà wá.

Àwẹ̀ró sáré dé iwájú Bàbá Ládẹ̀pò, ó kúnlẹ̀. Ẹkún ti gbà á lẹ́nu.

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má lé e. Ẹ jẹ́ kí n wádìí ohun tó ń ṣe é.”

“Kí lo fẹ́ wádìí?” ni Bàbá Ládẹ̀pò fi dá a lóhùn, ó ń mí hẹlẹ nítorí ìrora. “Ẹṣin burúkú ni.”

“Bàbá, ṣé ẹ ti bi í ni?”

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ta ló ń bi ẹṣin ní nǹkan? Ṣùgbọ́n Bàbá Ládẹ̀pò kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ọmọ náà títí, ó ní, “Ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ di ọrún òní. Bí ẹnikẹ́ni bá lè gùn ún yí ọjà po lọ́jọ́ náà láìṣubú, a ó fi í sílẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, odò yá.”

Àwẹ̀ró lọ bá Ìjì níbi tí wọ́n so ó mọ́. Ó dúró síwájú rẹ̀ gan-an.

“Ìjì, kí ló dé tí o fi ń da èèyàn nù?”

“Èèyàn wo?” ni Ìjì bèèrè. Ó yà á lẹ́nu. “Èmi ò da èèyàn nù rí. Ẹkùn ni mo máa ń já dànù.”

“Ẹkùn?”

“Ẹkùn ni o! Kò ní wá láti iwájú. Ẹ̀yìn ni yóò ti bẹ́ lé mi. Kò ní sọ̀rọ̀. Yóò há mi lẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò sì fi èékánná gún mi nínú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe gun ìyá mi, mo sì wà níbẹ̀. Kí lo fẹ́ kí n ṣe, kí n máa wò ó?”

Àwẹ̀ró jókòó sílẹ̀ lórí koríko. Inú rẹ̀ bàjẹ́, ojú sì tì í fún gbogbo ìlú rẹ̀. “Ìjì, kì í ṣe ẹkùn. Àwa ni.”

“Ẹ̀yin kẹ̀?” Ìjì mi orí. “Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ̀rọ̀ tó báyìí? N ò gbà.”

Ní ọjọ́ kejì, Àwẹ̀ró ní òun yóò fi hàn án. Ó kàn gun ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì ń pariwo, “Èmi ni! Èmi Àwẹ̀ró ni!” Ṣùgbọ́n etí Ìjì kò gbọ́ ohun tó wà lẹ́yìn. Ẹ̀rù bà á, ó sì jù ú sínú ọpọ́n omi rẹ̀, gbàmù!

Àwẹ̀ró jáde nínú omi, ó tutù rinrin, inú sì ń bí i. Kí ó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti yọ pàṣán lára ògiri, ó ti gbé e sókè. Ìjì wò ó.

“Ṣé ìwọ náà ní pàṣán lọ́wọ́ ni?” ló wí jẹ́ẹ́.

Ọwọ́ Àwẹ̀ró wálẹ̀. Ó sọ pàṣán náà sínú kòtò, ó sì sunkún nítorí ara rẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó mọ̀ ọ́n lẹ́nu tẹ́lẹ̀, ọjọ́ náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ kẹta, kò gùn ún rárá. Ó dúró síwájú Ìjì, ó fi ọwọ́ lé e lọ́rùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa á ní ìtàn.

“Ní ọjọ́ kan, gbogbo koríko ọ̀dàn pe ìpàdé. Wọ́n ní ó ti sú àwọn kí ẹṣin máa jẹ àwọn lárọ̀ọ́, kó máa jẹ àwọn lálẹ́. Koríko tó dàgbà jù nínú wọn bá dìde, ó wú ikọ́ díẹ̀, ó ní…”

Níbi tí ìtàn dùn dé yìí, Àwẹ̀ró rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìjì. Kò gbé ọwọ́ kúrò lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ó rẹ ohùn sílẹ̀.

“Kí ni koríko àgbà wí?” ni Ìjì bèèrè. “Àwẹ̀ró! Kí ló wí?”

“Mo ń sọ ọ́. O ò gbọ́ ni?”

Ẹ̀yin ọmọ, ẹṣin kì í ṣe ẹranko tí ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn kì í jọ ọ́ lójú. Ó fẹ́ mọ̀ ni o! Ó na etí, ó fà á, ó fún un títí ìdí etí fi ń ta á. Àwẹ̀ró fi òrí pa á níbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, ó tún bẹ̀rẹ̀ ìtàn láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì rìn kọjá ibi tí gàárì máa ń wà díẹ̀. Lẹ́sẹ̀ kan náà, nǹkan kan ró “kẹ́rẹ́” ní orí Ìjì. Etí rẹ̀ òsì yí, ó dojú kọ ẹ̀yìn. Ẹnu ya àwọn méjèèjì.

“Àwẹ̀ró,” ni Ìjì wí, “ṣé ohùn rẹ ti wà lẹ́yìn tẹ́lẹ̀ ni?”

Ọjọ́ ọjà pé. Gbogbo ìlú pé jọ, àwọn géńdé mú pàṣán dání láti lé Ìjì sódò. Àwẹ̀ró mú un jáde. Ó kọ́kọ́ dúró síwájú rẹ̀, ó ní, “Ìjì, èmi ni.” Ó rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lára rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò sì dákẹ́. Ó gùn ún. Ara Ìjì gbọ̀n rìrì. Àwẹ̀ró mọ̀ pé bí òun bá ṣubú báyìí, Ìjì ti kú nìyẹn.

“Koríko àgbà ní,” ni Àwẹ̀ró wí jẹ́ẹ́, “‘Bí ẹṣin ò bá jẹ wá, iná ọ̀dàn ni yóò jẹ wá, iná kì í sì í dá gbòǹgbò sí. Ẹ jẹ́ kí ẹṣin máa jẹ wá.’”

Etí Ìjì yí sẹ́yìn, kẹ́rẹ́. Ìgbọ̀nrìrì náà dáwọ́ dúró. “Háà,” ló ní, “koríko yẹn gbọ́n.” Ó sì gbé ẹsẹ̀.

Wọ́n yí ọjà po lẹ́ẹ̀kan. Àwọn kan ń pariwo pé, “Ẹ wò ó, ó ń bá àpótí sọ̀rọ̀!” Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yí i po lẹ́ẹ̀kejì, gbogbo ọjà ti dákẹ́. Àwọn géńdé ti ń fi pàṣán pamọ́ sẹ́yìn.

Àwẹ̀ró sọ̀kalẹ̀ níwájú Bàbá Ládẹ̀pò. Ó ní, “Bàbá, ẹ bá a sọ̀rọ̀. Kò gbọ́ ohùn yín rí.”

Ogójì ọdún ni Bàbá Ládẹ̀pò ti fi gun ẹṣin, kò sì sí ẹṣin kan tó mọ ohùn rẹ̀. Ó dìde pẹ̀lú apá tí wọ́n fi aṣọ so kọ́rùn. Ó la ẹnu.

“Ìjì,” ló wí, “èmi Ládẹ̀pò ni. Èmi ni mo fi irin gún ọ. Má bínú sí mi.”

Ó lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ gàárì. Etí Ìjì yí tẹ̀ lé e, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dojú kọ ọ́ gan-an. Bàbá Ládẹ̀pò fi orí ti ẹṣin náà lọ́rùn, ó sì sunkún bí ọmọdé, lójú gbogbo ọjà.

Ìjì ló kọ́ àwọn ẹṣin yòókù bí a ṣe ń yí etí. Àwẹ̀ró ló kọ́ àwọn èèyàn. Ó kọ́ wọn títí irun rẹ̀ fi funfun, tó di pé ọ̀pá ló fi ń rìn dé ilé ẹṣin. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kì í gun ẹṣin láàárín ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́. Ẹ̀gbẹ́ ẹṣin ni yóò máa dúró sí, tí yóò máa bá a sọ̀rọ̀. Èyí tó bá mú pàṣán wá, Àwẹ̀ró á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, á sì fún un ní ìgbálẹ̀ kó lọ gbá ìgbẹ́ ẹṣin.

Láti ọjọ́ náà ni ẹṣin ti máa ń kọ etí kan síwájú fún ọ̀nà, tí á yí èkejì sẹ́yìn fún ẹni tó gùn ún. Bó bá sì da etí méjèèjì dé sẹ́yìn pátápátá, ó ti tún rò pé ẹkùn ló wà lórí òun. Ẹni tó bá rí i bẹ́ẹ̀, kó yáa sọ̀kalẹ̀, kó rìn lọ síwájú ẹṣin, kó sì sọ orúkọ ara rẹ̀ fún un.