Òkúta Ibojì Tó Dí Odò ní Ṣíwàn

Ìlú Ṣíwàn fẹ́ parẹ́. Ọjọ́ kọkànlá rèé tí òjò kò dá ní ilẹ̀ àwọn Ṣáínà lọ́hùn-ún, odò sì ti jẹ ògiri amọ̀ tí àwọn baba ńlá wọn mọ sí etí omi. Ihò tó gba ẹṣin mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà ti lu. Ẹgbẹ̀rún méjì ọkàn ló wà lẹ́yìn ògiri yẹn. Iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ń dà sí i, omi ń gbé e lọ bí ìyàngbò, ibi tí wọ́n ti ń gé òkúta sì jìnnà tó ìrìn ọjọ́ mẹ́rin.

Nígbà náà ni Ọlọ́run, Ọba tí kì í wojú kó tó yanni, gbé Ṣẹ́n Dàgẹ́n dìde: Ṣẹ́n agbẹ́kúta, ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí apá rẹ̀ le bí irin, ẹni tó ń fi òòlù bá òkúta sọ̀rọ̀ tí òkúta ń dáhùn. Òun ló ń gbẹ́ òkúta ibojì fún gbogbo ìlú. Ó wo omi, ó wo orí òkè ìsìnkú, ó ní:

"Ẹ̀yin ará, òkúta wà. Ẹ mọ ibi tó wà."

Baba Lú, àgbà ìlú, ló kọ́kọ́ lahùn: "Dàgẹ́n, ṣé orí rẹ dàrú ni? Ìwọ tó gbẹ́ orúkọ ìyàwó mi, ìwọ náà lo fẹ́ sọ ọ́ sómi? Ọmọ tó hú ibojì bàbá rẹ̀, ajá sàn jù ú lọ!"

"Baba, ẹ bú mi, ó tọ́. Ṣùgbọ́n bí omi bá wọlé lónìí, ta ni yóò kù tí yóò máa forí balẹ̀ níbojì? Òkú tó bí wa kò ní bínú pé òun tún wa bí lẹ́ẹ̀kejì. Òkúta ti ìyá mi ni n ó kọ́kọ́ hú."

Ó hú u. Ó pọ̀n ọ́n sẹ́yìn bí abiyamọ, ó ń sunkún títí dé etí omi. Ẹni tó tẹ̀lé e, Baba Lú ni, òkúta ìyàwó rẹ̀ lórí, èébú lẹ́nu: "Ọ̀dájú! Ọ̀dájú ọmọ!" Gbogbo ìlú bá tú jáde. Ṣẹ́n ń kígbe pé, "Ẹ kọ ojú orúkọ sí iyẹ̀pẹ̀, kí omi má baà pa á rẹ́!" Kí oòrùn tó wọ̀, ihò ti dí. Olúwa fọwọ́ Rẹ̀ tì í, omi padà.

Ìlú là, ṣùgbọ́n ọ̀fọ̀ ni ìgbàlà náà bá wọlé. Ta ló mọ èyí tí í ṣe ti bàbá òun? Ẹ̀yìn gbogbo òkúta jọra. Àwọn mìíràn kò kí Ṣẹ́n mọ́ títí ó fi kú, òun náà kò sì jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ òkúta kankan fún òun.

Ọgbà ìgbafẹ́ ni etí odò náà lónìí. Òòlù Ṣẹ́n wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà ìrúwé, tí gbogbo ilẹ̀ Ṣáínà ń lọ tún ibojì àwọn òkú wọn ṣe, àwọn ará Ṣíwàn kì í gun òkè. Ìdí ògiri ni wọ́n ń gba lọ, pẹ̀lú ìgbálẹ̀ àti omi. Òkúta tó bá kan kálukú ló ń fọ̀. Yóò gbọ́wọ́ lé e, yóò ní: "Bàbá, ẹ kú àtijọ́. Bí kì í bá ṣe ẹ̀yin ni bàbá mi, ẹ bá mi kí wọn."