Bí Fadérera Ṣe Tọ́ka sí Ìwé Ọ̀gá Rẹ̀

Láìsí ìbuwọ́lù Ọ̀jọ̀gbọ́n Láníhùn, iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kankan kì í dé ọ̀dọ̀ jọ́nà, ìwé ìròyìn tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń gbé jáde. Ó wá sọ fún Fadérera, tó kọ tirẹ̀ lórí àrùn ewé ẹ̀gẹ́, pé: "Gbogbo ìwé tí mo kọ lórí ikọ́ ewúrẹ́ gbọ́dọ̀ wọ inú àkójọ ìwé tí o tọ́ka sí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mi ò ní fọwọ́ sí i." Fadérera kúnlẹ̀, ó ní, "Kò burú, sà." Ó to gbogbo wọn sẹ́yìn iṣẹ́ rẹ̀, kọ́mà kan ò ṣì. Àmọ́ òfin jọ́nà ni pé ìwé téèyàn bá tò sẹ́yìn, èèyàn gbọ́dọ̀ sọ nínú iṣẹ́ gan-an ohun tí ìwé náà wí. Ni Fadérera, ọmọ tórí ẹ̀ pé, bá kọ ọ́ gàdàgbà sójú ewé kìíní pé: "Láníhùn kọ̀wé púpọ̀ lórí ikọ́ ewúrẹ́, kò sí èyí tó mẹ́nu ba ewé ẹ̀gẹ́ nínú wọn." Ọ̀jọ̀gbọ́n kà á, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Kí lèyí?" "Òfin jọ́nà ni, sà. Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, ẹ bá mi tún un ṣe." Ó wá irọ́ títí, kò rí. Ló bá fa bírò pupa yọ, ó fọwọ́ ara rẹ̀ pa orúkọ ara rẹ̀ rẹ́ látojú ewé kìíní títí dé àkójọ ìwé tó wà lẹ́yìn, ó sì buwọ́ lu iṣẹ́ náà. Jọ́nà gbà á, ewúrẹ́ kankan ò sì wúkọ́ nínú rẹ̀.