Yímíyímí Ọ̀dàn Kì í Jẹ́rìí Igbó

Gbogbo ayé ló ń pa á lówe: "Yímíyímí ọ̀dàn kì í jẹ́rìí igbó." Àmọ́ àwọn tó mọ ìdí rẹ̀ ò ju ẹni mẹ́ta lọ, èmi ni mo sì sọ ọ́ fún àwọn méjì tó kù. Kí ló pa yímíyímí, kòkòrò tí ń yí ìgbẹ́ kiri, pọ̀ mọ́ ẹ̀rí jíjẹ́? Ta ló gbé e lọ sí kóòtù? Ẹ fìdí balẹ̀.

Igbó kan wà lẹ́yìn abúlé Ìdí-Àràbà. Ó dí tó bẹ́ẹ̀ tí òjò tó bá rọ̀ lé e lórí lónìí, ọ̀tunla ló ń kanlẹ̀. Inú rẹ̀ ni odò tí gbogbo abúlé ń mu ti ń sun. Àwọn agégẹdú wá fojú sí i. Wọ́n lọ sọ fún ìjọba pé igbó yẹn ti kú tipẹ́, koríko ló kù níbẹ̀, kí wọ́n jẹ́ káwọn gé ìwọ̀nba igi tó ṣẹ́ kù. Ìjọba ní káwọn kọ́kọ́ rán ẹni tó mọ̀ lọ wò ó.

Ẹni tí wọ́n rán ni Dókítà Fadérera láti yunifásítì. Kì í ṣe dókítà abẹ́rẹ́ o, dókítà kòkòrò ni. Yímíyímí nìkan ló fi ogún ọdún kọ́. Ó mọ oríṣi wọn bí ìyá ìbejì ṣe ń mọ Táyé yàtọ̀ sí Kẹ́hìndé: èyí tó níwo, èyí tí ò níwo, èyí tí ń yí ìgbẹ́ lọ, èyí tí ń ri tiẹ̀ mọ́lẹ̀ síbi tó bá a. Ó sì mọ ibi tí oníkálukú wọn ń gbé, débi pé èyí tó bá rí níbì kan ló fi ń mọ̀ bóyá igbó ni àbí ọ̀dàn tó jẹ́ kìkì koríko.

Ta ni wọ́n máa fà lé e lọ́wọ́ láti bá a kó wọn, bí kò ṣe Ọdẹ́ríndé? Ọdẹ tó mọ igbó náà ju ọ̀bọ lọ ni. Tó bá sín ní Ìdí-Àràbà, ewúrẹ́ á já okùn lábúlé kejì. Ẹnu rẹ̀ sì tún lágbára ju imú rẹ̀ lọ.

"Ẹ gbẹ́ ihò, Baba Ọdẹ," Dókítà wí. "Ẹ ri ike yìí sínú rẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ bá ilẹ̀ dọ́gba. Ẹ fi ewé di ìgbẹ́ èèyàn díẹ̀, kẹ́ ẹ so ó kọ́ sókè ike. Yímíyímí á gbóòórùn, á wá, á sì já sínú ike. Ẹ wá kọ ibi tẹ́ ẹ ti rí i sára ike. Ibẹ̀ gan-an ló ṣe pàtàkì jù."

Ọdẹ́ríndé rẹ́rìn-ín. "Dókítà ọmọ mi, àní yímíyímí? Èmi tí mo fọwọ́ lásán mú ẹfọ̀n! Ẹgbẹ̀rún kan ni màá kó fún ẹ."

"Ogún péré ti tó, sà. Kó ṣáà jẹ́ ti inú igbó. Ọjọ́ ìpàdé pẹ̀lú ìjọba ni màá padà wá wò wọ́n."

Ó délé, ìyàwó rẹ̀, Ayọ̀ká, bi í pé, "Bàbá Títí, ìgbẹ́ ta lẹ máa lò?"

Ọdẹ́ríndé ò rò ó débẹ̀. "Kí n máa ru ìgbẹ́ wọ igbó tí bàbá mi ti ń ru ẹran jáde? Káwọn ọdẹ ẹgbẹ́ mi rí mi? Láéláé!"

"Ẹ̀yin lẹ gbaṣẹ́ o. Tèmi ò sí ńbẹ̀."

Ọjọ́ mẹ́fà ló fi jókòó sílé. Lọ́jọ́ keje, ó gun ọ̀kadà lọ sí gáà àwọn Fúlàní nínú ọ̀dàn. Gbogbo ìgbẹ́ màlúù tó ṣí níbẹ̀, yímíyímí ń hó lábẹ́ rẹ̀ bí ẹ̀wà orí iná. Ó kó wọn kún ike mẹ́wàá, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà sára ọ̀kọ̀ọ̀kan: "Àárín igbó Ìdí-Àràbà."

Ọjọ́ ìpàdé pé lójúde Baálẹ̀. Ará ìjọba wà níbẹ̀, agégẹdú wà níbẹ̀. Dókítà ṣí ike kan, ó wò ó. Ó ṣí ìkejì. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Baba Ọdẹ, inú igbó gan-an lẹ ti rí wọn?"

"Àárín rẹ̀ gbùngbùn! Níbi tí oòrùn ò dé rí!"

Dókítà mí kanlẹ̀. "Baálẹ̀, ẹ má bínú. Ọ̀dàn ni yímíyímí yìí ń gbé. Ibòòji ò bá a lára mu, kì í wọ igbó. Tó bá pọ̀ tó báyìí láàárín ibẹ̀, a jẹ́ pé igbó ti tán, koríko ló kù."

Olórí agégẹdú fò sókè. "Ṣé mi ò wí? Ọdẹ yín ló jẹ́rìí fún wa o!"

Ará ìjọba yọ bírò. Òógùn tó bo Ọdẹ́ríndé lójú ẹsẹ̀ yẹn, ó tó fi tẹ ẹ̀bà fún ogún èèyàn. Tó bá dákẹ́, ọdẹ ńlá ṣì ni, àmọ́ odò lọ. Tó bá sọ̀rọ̀, odò á kù, àmọ́ ta ló tún máa pè é lọ́dẹ?

Bírò kan ìwé.

"Ẹ dá a dúró!" Ọdẹ́ríndé ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Irọ́ ni mo pa! Gáà ni mo ti kó wọn. Mi ò dé inú igbó rárá. Ìgbẹ́ rírù ló tì mí lójú."

Ẹ̀rín tí wọ́n rín, mo gbọ́ pé ó já òrùlé ilé méjì.

"Òpùrọ́ nìyí!" ni agégẹdú pariwo. "Èwo la máa gbà gbọ́ nínú méjèèjì?"

"Ẹ má gba ẹnikẹ́ni gbọ́," Dókítà fèsì. "Ẹ jẹ́ ká lọ bi àwọn onílé."

Òun, Ọdẹ́ríndé àti ará ìjọba jọ wọ igbó. Gbogbo abúlé tò sójú ọ̀nà láti wo Ọdẹ́ríndé tòun ti ẹrù ewé lọ́wọ́.

"Baba Ọdẹ, ẹran kí lẹ pa?"

"Ẹ súnmọ́ mi kẹ́ ẹ tọ́ ọ wò!"

Ogójì ihò ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ike ti kún. Yímíyímí wẹ́wẹ́ tó ń dán bí ìgò, àti ọ̀kan tó níwo bíi ti àgbò, àfi bí irọ́ bá wà lẹ́nu mi.

"Ẹ wo èyí," Dókítà sọ fún ará ìjọba. "Níbi tí oòrùn bá ti ń kanlẹ̀, kì í gbébẹ̀. Igbó yìí ò kú." Ará ìjọba kọ ọ́ sílẹ̀, ó fọwọ́ sí i. Àwọn agégẹdú kó ayùn wọn, wọ́n bá tiwọn lọ.

Baálẹ̀ wá kọjú sí Ọdẹ́ríndé. "Ẹlẹ́rìí tó o yá wá fẹ́rẹ̀ẹ́ gba omi lẹ́nu wa. Èyí tó mọ ilé wa, abẹ́ ẹsẹ̀ wa ló wà, o kàn kọ̀ láti bẹ̀rẹ̀ mú un ni."

Torí ẹ̀, ẹni tó bá ń fi nǹkan onínǹkan gbé ara rẹ̀ ga, ẹ má bá a jiyàn, ẹ má bá a jà. Ẹ ṣáà sọ fún un pé yímíyímí ọ̀dàn kì í jẹ́rìí igbó.