Bí Okùn Kọ̀ǹpútà Ṣe Ní Ìlà Pupa Létí

Nígbà láéláé, nígbà tí a ṣì ń so kọ̀ǹpútà mọ́ tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ ká tó lè rí ohun tó ń ṣe, okùn pẹlẹbẹ tó so kọ̀ǹpútà mọ́ ẹ̀rọ tó ń ka díìsì kò ní àmì kankan. Wáyà mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ẹní, gbogbo wọn aláwọ̀ eérú. Etí ọ̀tún jọ etí òsì.

Ní ìgbà náà, Bàbá Ọ̀ṣúndínà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ń gbé ní Ìkìrun. Ìyàwó rẹ̀, Ìbíyẹmí, ti kú. Agbẹ̀bí ni obìnrin náà. Orúkọ gbogbo ọmọ tó gbẹ̀bí wọn ló tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, àti ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ìyá ọmọ kọ̀ọ̀kan sọ nígbà tó gbé e. Ikán ti jẹ ìwé tó kọ́kọ́ kọ wọ́n sí. Díìsì kan ṣoṣo tó fi wọ́n pamọ́ sí ló kù.

Lọ́jọ́ kan, Bàbá fẹ́ ka orúkọ náà, ló bá rí i pé eku ti jẹ okùn pẹlẹbẹ náà. Ó wá òmíràn dé Òṣogbo, ó wá a dé Ìbàdàn. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti gbó jù, kò sẹ́ni tó ń ṣe irú okùn bẹ́ẹ̀ mọ́. Ló bá lọ sọ́dọ̀ Fadérẹra, obìnrin tó ń tún rédíò ṣe.

Fadérẹra ní òun á fọwọ́ ṣe é. Ó ka eyín irin tó wà lára kọ̀ǹpútà, ó ka ti ẹ̀rọ díìsì. Ó fi lẹ́ẹ̀dì jó wáyà mọ́ ẹnu okùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì jó ìka ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ mẹ́fà ló fi ṣe é. Ojoojúmọ́ ni Bàbá ń wá jókòó tì í, tó ń sọ̀rọ̀ Ìbíyẹmí.

Ní ọjọ́ keje, wọ́n gbé okùn náà dé pálọ̀ Bàbá. Ẹnu rẹ̀ wọ ẹ̀rọ báyìí, bí wọ́n sì yí i padà, ó tún wọ̀ ọ́. Fadérẹra bi Bàbá bí ti àtijọ́ ṣe wà. Bàbá ní òun ò rántí. Ìkánjú ti mú un ki díìsì bọnú ẹ̀rọ.

Fadérẹra ki okùn náà bọ ẹ̀rọ, ó tan iná. Gílóòbù kékeré ara ẹ̀rọ náà tàn, kò sì kú. Díìsì ń yí, ó ń yí. Fadérẹra yára yọ iná. Ó yí okùn padà, ó tún tan iná. Tẹlifíṣọ̀n kọ ọ́ pé kò sí nǹkan kan nínú díìsì.

Fadérẹra yọ díìsì náà sọ́wọ́.

"Bàbá, òdì ni mo kọ́kọ́ so ó," ló wí. "Dípò kí ẹ̀rọ ka díìsì, ó ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́."

"Kò ku ẹyọ kan?"

"Kò kù, Bàbá."

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ àwọn ọmọ náà látorí. Ó dé orí mọ́kànlá, ó dúró. Ó tún bẹ̀rẹ̀, kò ju mẹ́sàn-án lọ. Ó fi fìlà bo ojú rẹ̀.

Fadérẹra gbé okùn náà délé, kò lè jẹun. Ó wo okùn náà títí. Òun tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é kò mọ etí kan yàtọ̀ sí èkejì. Ló bá mú kúútẹ́ẹ̀sì pupa ọmọ rẹ̀ obìnrin, ó fà á sára wáyà àkọ́kọ́ láti orí dé ìdí.

Nígbà tó gbé e padà fún Bàbá, Bàbá bi í pé kí ni ìlà náà wà fún. Ó ní kí ẹlòmíràn má baà so ó lódì.

"Máa fà á sí gbogbo èyí tí o bá ṣe," ni Bàbá wí. Lẹ́yìn náà, ó fi aṣọ Ìbíyẹmí bo kọ̀ǹpútà náà, kò sì tàn án mọ́ láéláé.

Fadérẹra ń fà á, àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe rí i, àwọn náà ń fà á. Láti ọjọ́ náà ni okùn pẹlẹbẹ kọ̀ǹpútà ti ní ìlà pupa ní etí kan. Etí pupa yẹn ni ẹni tó bá fẹ́ so ó máa ń kọ́kọ́ wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ Ìkìrun bá wá bi Bàbá ohun tí ìyá wọn sọ lọ́jọ́ tí wọ́n bí wọn, ó ń sọ fún wọn pé òun ò mọ̀ ọ́n.