Ọjọ́ Tí Kọ̀ǹpútà Kò Wọ Yàrá Ìyá Ìbíwùmí

“Ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà kì í sọ pé ilé ṣófo.” Ẹnu gbogbo wa ni òwe yìí wà, ṣùgbọ́n ta ló mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá? Àwọn kan ní ọ̀dọ̀ olè ni. Irọ́ ni. Ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà ni.

Agboolé Òjẹ́lékè àti agboolé Fátókí ló ń jà lórí ilẹ̀ etí odò. Àwọn ìjòyè ní kí Òjẹ́lékè mú ìwé ilẹ̀ wá kí oòrùn tó dé àtàrí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ilẹ̀ di ti Fátókí. Ọkàn Mọ́gàjí, olórí agboolé Òjẹ́lékè, balẹ̀. Bọ́látitó, olùkọ́ tó ń ṣe akọ̀wé ẹbí, ti ya fọ́tò gbogbo ìwé wọn, ó sì ti kó wọn sí ibi ìpamọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní àwọsánmà.

Ó fètò sí i o. Fódà ńlá kan, ìyẹn àpò ìkówèésí inú kọ̀ǹpútà, fún agboolé. Nínú rẹ̀, fódà fún ojúlé kọ̀ọ̀kan. Nínú ti ojúlé, fódà fún ìyàwó kọ̀ọ̀kan, kí ìjà orogún má baà dé inú àwọsánmà.

Nígbà tó kàn wọ́n níwájú àwọn ìjòyè, Bọ́látitó tan àwòrán kọ̀ǹpútà sára ògiri, ó ní kó ka gbogbo ìwé tó wà nínú fódà Òjẹ́lékè. Ẹ̀rọ dáhùn: “Kò sí ìwé kankan níbí.”

Olóyè Fátókí, olórí agboolé kejì, bú sẹ́rìn-ín. “Àwọsánmà yín ṣú, òjò ò rọ̀!”

Mọ́gàjí kọjú sí akọ̀wé rẹ̀. “Bọ́látitó, ìwé dà?”

“Ó wà níbẹ̀, Bàbá. Inú fódà Ìyá Ìbíwùmí ni mo kó o sí.”

Ìyá Ìbíwùmí, ìyàwó kejì Mọ́gàjí, dìde. “Ṣé ìta ni ẹ̀rọ yìí dúró sí tó ń wá mi? Ọkọ mi gan-an, ó ń kan ilẹ̀kùn kó tó rí mi! Ẹ ní kó wọlé!”

Bọ́látitó gbá orí ara rẹ̀. Ẹ̀rọ kì í kọjá ibi tí a bá rán an. Ó wo fódà agboolé, fódà mìíràn ló bá níbẹ̀, kò bá ìwé. Àfi kí a sọ fún un pé kó wọ yàrá, àti yàrá tó wà nínú yàrá. Ó tún àṣẹ náà kọ. Ìwé mẹ́tàlélógójì tú jáde! Ìwé ilẹ̀ ló ṣáájú, tòun ti òǹtẹ̀. Ilẹ̀ di ti Òjẹ́lékè, ariwo ayọ̀ sọ.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìwé ni Bọ́látitó ní kó kà, Ìyá Ìbíwùmí sì ti kó gbogbo ohun tó wà lábẹ́ ìbùsùn rẹ̀ fún un láì ṣà á. Lẹ́tà Mọ́gàjí ló kàn lára ògiri: “Olólùfẹ́ mi, aṣọ sányán yẹn, má jẹ́ kí ìyáálé rẹ rí i o.”

Ìyáálé yíjú sí ọkọ rẹ̀. “Bàbá Dérójú, aṣọ wo?”

Láti ọjọ́ náà, bí ẹnì kan bá wo nǹkan lóréfèé, tó sáré wá sọ pé kò sí, àwọn àgbà á ní: “Ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà kì í sọ pé ilé ṣófo.” Ní ti Mọ́gàjí, ọjọ́ mẹ́ta ló fi dúró sẹ́nu ọ̀nà ìyáálé tó ń kan ilẹ̀kùn, ó sì mọ̀ dájú pé ilé ò ṣófo.